Irun Tí A Sin Dípò Bàbá Mi

Ọjọ́ tí èmi àti Tọ́lá, ọmọ ọmọ mi, lọ wá bàbá mi ní láìbúrárì Woolwich nílùú òyìnbó, n kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. Tọ́lá náà ló ń bá mi kọ èyí, torí n kò mọ̀wé.

Mo kéré nígbà tí bàbá mi lọ wa èédú ní Enugu. Kò pẹ́, àwọn kan mú irun àti èékánná rẹ̀ wá, wọ́n ní ihò èédú wó pa á. Irun náà dúdú kirikiri. A sin ín sẹ́yìn ilé, ìyá mi sì ṣe opó.

Tọ́lá tẹ orúkọ bàbá mi sínú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò àwọn tó ń wa èédú jáde.

"Grandma, wò ó. Orúkọ ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí, wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ kí ihò èédú tó wó ni wọ́n ya fọ́tò náà."

Mo wo ilà ojú ọkùnrin náà. Bàbá mi ni, àmọ́ ewú ti bo gbogbo orí rẹ̀.

"Tọ́lá, pa á."

"Ṣé kì í ṣe òun ni?"

"Òun ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ kan ṣì máa retí bàbá wọn, ẹni tí a sin irun rẹ̀ sẹ́yìn ilé wa.