Ẹ̀ṣẹ́ Mẹ́ta Nínú Òkun Jamestown

Wọ́n lù mí nínú òkun lónìí, èmi náà ni mo sì yọ̀ǹda ara mi.

Wọ́n ń kọ́ àwa olùyọ̀ǹda bí a ṣe ń yọ ẹni tó ń rì, ní etíkun Jamestown. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni tó ń rì. Ataa, àgbà apẹja tó ti ń yọ èèyàn nínú omi kí wọ́n tó bí mi, ló ń ṣèdánwò. Bí kò bá yege, wọn ò ní gbà kó máa yọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo pariwo. Ataa lúwẹ̀ẹ́ dé, ó gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lágbọ̀n, ó fi irun wọ́ mi jáde.

Olùkọ́ figbe ta: "Ataa, èèyàn lẹ̀ ń yọ, kì í ṣe ẹja!"

"Ọmọ mi, ẹni tó ń rì máa ń dì mọ́ni lọ́rùn. Ẹ̀ṣẹ́ ló ń fọkàn Alata, ọmọ Yorùbá bíi tiẹ̀ yìí, balẹ̀."

Olùkọ́ ní òun á fi bó ṣe yẹ hàn wá. Mo padà sómi, ìgbì bò mí lóòótọ́. Bó ṣe rọra dì mí lápá mú, mo so mọ́ ọn lọ́rùn. Àwa méjèèjì ń rì.

Ataa tún dé. Ẹ̀ṣẹ́ kan fún mi, ọ̀kan fún olùkọ́. Ó wọ́ wa dé iyanrìn bí àwọ̀n.

Olùkọ́ bi omi tán, ó fi ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ka èsì: èmi yege nídìí rírì, Ataa kùnà.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń rì lọ́la, ta lẹ máa pè? Ẹ bá mi dá olùkọ́ lóhùn, àgbọ̀n mi ò ṣe é là.