Ẹ̀rọ Mẹ́ta Tó Ń Bá Wa Ṣọ́ Màmá

Nígbà tí òòyì kọ́ Màmá lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní Kánádà ní kí á yé fi ẹnu lásán béèrè àlàáfíà wọn. Ó fi ẹ̀rọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí ilé wọn ní Bódìjà. Ọ̀kan jẹ́ aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ọwọ́ ṣe ń lọ sókè-sódò. Èkejì wà lábẹ́ tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì wọn, ó ń mọ ìgbà tí èèyàn bá dìde. Ẹ̀kẹta, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun pálọ̀, kó máa sọ bóyá èèyàn dúró tàbí ó wà nílẹ̀. Ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rí, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á sì fi ìdájọ́ wọn sórí fóònù èmi àti tirẹ̀. Àwọ̀ ewé: ara Màmá le. Pupa: ẹ sáré.

Màmá wo aago náà títí. “Ṣé kò ní máa gbọ́ ohun tí mo bá ń sọ nípa ìyàwó àbúrò rẹ?” Mo ní kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó dáa nígbà náà, wọ́n na ọwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àbúrò mi pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, Màmá ti ṣubú. Ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ ọ́.” Mo wa mọ́tò láti ilé mi ní Challenge bí wèrè, díẹ̀ ló kù kí n gbá ọlọ́kadà kan ní Ring Road. Mo bá Màmá lórí ẹní, wọ́n ń ja tẹ̀súbáà. Ìrun ọ̀sán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán. Aago rí i pé ọwọ́ kanlẹ̀, ti pálọ̀ rí i pé èèyàn wà nílẹ̀, ti abẹ́ tìmùtìmù jẹ́rìí pé kò sẹ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá tún “ṣubú” nígbà ìrun Aláásárì. Obìnrin tó ti ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run láti kékeré, ẹ̀rọ kèfèrí wá ń pariwo lé e lórí.

Èmi ọlọ́gbọ́n ni mo wá ojútùú. Mo ní kí àbúrò mi ya wákàtí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ìrun márààrún, kí ẹ̀rọ má ka ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìṣubú. Ó ṣe é, ó sì yìn mí. Láti ìgbà náà, àwọ̀ ewé ni tàárọ̀ tọ̀sán. N kò ní parọ́, mo gbádùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ sí Bódìjà; nígbà tó yá, oṣù kan kọjá tí n kò débẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè Màmá, mà á yọ fóònù, mà á fi àwọ̀ ewé hàn án. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò ní irú fóònù mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Màmá ṣe àlùwàlá Aláásárì tán, wọ́n ń bọ̀ ní pálọ̀, ẹsẹ̀ wọn kọ̀, wọ́n ṣubú. Wọn kò lè dìde. Ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí wọn nílẹ̀, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ìrun ni wọ́n ń kí. Obìnrin Aládùúrà tó ń gbé ilé kejì ló wọlé bá wọn. Ó ní Àlàájà máa ń jáde wá kí òun lẹ́yìn ìrun, òun kò sì gbúròó wọn lọ́jọ́ náà. Òun ló pè mí.

Nílé ìwòsàn, dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ní itan Màmá ti kán, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tó mú wọn ṣubú ló ń ba òun jù, torí ó lè tún gbé wọn ṣánlẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti láti ìgbà wo. Mo ṣí fóònù. Mo ní gbogbo ìṣísẹ̀ wọn wà níbẹ̀.

“Ẹ fi fóònù sílẹ̀, sà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí wọn, ìgbà wo lẹ ti kíyè sí i?”

Obìnrin Aládùúrà náà, tó bá wa gbé Màmá wá, ló dáhùn lẹ́yìn mi. “Ẹsẹ̀ òsì ni. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì.”

Dókítà yíjú sí i, ó gbé bírò rẹ̀. “Ẹ jókòó, mà. Ṣé ẹ̀yin lọmọ wọn?”