Ikọ́ Tó Ń Sùn Láyà Aláriwo

Ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń ké ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan. Ìkarùn-ún wọn ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Aláriwo. Ó ti lo ọdún méjìlélógún nídìí aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn. Bó bá rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí. Ọjọ́ Sátidé ni Aláriwo fẹ́ lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́, àti dókítà àti agbálẹ̀, wá ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un lápá, ó fi bírò fa ìlà roboto yí ojú abẹ́rẹ́ náà ká, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Nígbà tó padà dé, ojú abẹ́rẹ́ náà ti wú bí ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì fi rúlà wọ̀n ọ́n.

"Ẹ má fòyà, Mà. Ikọ́ náà wà lára yín, àmọ́ ó ń sùn ni."

"Ó ń sùn?"

"Ó ń sùn. Lọ́la, wọ́n á ya fọ́tò àyà yín kó lè dá wa lójú. Oògùn sì wà tí ẹ máa lò kó má baà jí."

Kó má baà jí. Gbólóhùn yìí nìkan ni Aláriwo gbọ́. Ó bọ́ bàtà, ó yọ́ kẹ́lẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ dé.

"Ta ló kú?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lọ aṣọ kígbe.

"Ṣìì!" Aláriwo fọwọ́ kan àyà. "Ó ń sùn."

"Ta ló ń sùn?"

"Ikọ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo àyà náà títí. "Ṣé ó ń hanrun?"

Aláriwo ki etí aṣọ ibùsùn bọ ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà lójú rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má pa mí lẹ́rìn-ín. Bó bá jí, wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ yẹn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá ìfọṣọ ń sọ. Wọ́n pa ẹ̀rọ kejì tó máa ń fò lórí ìdúró. Ọ̀gá sáré wálẹ̀, ó rò pé wọ́n ti sá níṣẹ́.

"Kí ló dé tí ibí pa lọ́lọ́?"

"Ikọ́ ń sùn, Sà."

Ọ̀gá náà yọ́ kẹ́lẹ́ padà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń ya fọ́tò àyà ní kó mí kanlẹ̀. Ó mí bí ẹyẹ. "Ẹ mí kanlẹ̀, Mà!" Ó di ojú, ó mí, ó dúró wò ó bóyá nǹkan á jí. Nǹkan kan ò jí.

Ọjọ́ Furaidé ni èsì jáde.

"Àyà yín mọ́ tónítóní," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ṣé mo lè gbé ọmọ-ọmọ mi?"

"Kí lẹ wí?"

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ tún rẹlẹ̀ sí i.

"Kí ló gbé ohùn yín lọ, Mà?"

Aláriwo ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì dorí kọ tábìlì, ó pẹ́ kó tó gbé e sókè.

"Kì í ṣe ariwo ló ń jí i, Mà. Bí ara ò bá lágbára mọ́ ló lè jí. Ẹ ṣáà máa lo oògùn yín. Tó bá ṣì ń sùn, kì í ràn."

"Kì í ran ọmọ ọwọ́?"

"Kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́."

Ẹ̀rín tó ti há sí i lọ́fun láti ìjẹta wá bú jáde. Ó dì mọ́ nọ́ọ̀sì, ó dì mọ́ aláìsàn kan tó ń kọjá, ó fẹ́ dì mọ́ Ọ̀gá. Ọ̀gá sá.

Ní Sátidé, kò tilẹ̀ jókòó. Ó fọwọ́, ó na apá, wọ́n gbé ọmọ fún un. Ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó tún padà sí ọ̀tún.

"Màámi," ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí láti orí ibùsùn, "èmi ni mo bí i o. Ẹ ò tíì kí mi."

"O kú ewu," ni Aláriwo dáhùn, kò gbójú kúrò lára ọmọ.