Bàálù Ọ̀kẹ́ Mẹ́ta

Ọ̀kẹ́ méje náírà ni Mojeed jẹ Alhaja Ajarat. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje nìyẹn, kì í sì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń tún fáànù ṣe ní Ketu. Bó bá jẹ́ pé ó fi kọ́lé ni, tàbí ó fi sanwó ilé ìwé ọmọ, ojú kì bá tì í. Àmọ́ bàálù ló fi rà. Kì í ṣe bàálù tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí Mẹ́kà o. Èyí tí kò gùn ju apá ọkùnrin kan lọ ni, tí a ń ti ilẹ̀ fi rìmóòtù darí, tó ń kùn lókè bí oyin tí wọ́n dà láàmú.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mojeed, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélógún ní Ketu nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo: fáànù tó bá jó, yóò tú wáyà bàbà inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, yóò sì fi ọwọ́ wé tuntun sí i, okùn lórí okùn, láìṣì í kà. Enjiníà Jayé ló kó o sínú ọ̀ràn bàálù. Jayé ń gbé Magodo, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan pé ó ti jó. Nígbà tí Mojeed tún un ṣe tán, Jayé ní kó wá wò ó lọ́jọ́ Sunday, ní pápá kan lẹ́yìn Agílítì, létí odò. Mojeed lọ. Kò tíì bọ̀ láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó rẹ̀ Bàrákátù ṣe máa ń sọ.

Ọkùnrin márùn-ún ló ń fi bàálù sáré ìje níbẹ̀ nígbà náà. Bàálù tó wọ́n kéré jù nínú tiwọn, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ni. Bí ọ̀kan bá já lulẹ̀, ẹni tó ni ín yóò kó àfọ́kù sínú báàgì, kò ní padà wá mọ́. Kò pé ọdún méjì, ó ku Jayé àti ẹnì kan.

"Ọ̀gá Jayé," ni Mojeed wí, "bàálù méjì kì í sáré ìje. Lílé ni wọ́n ń lé ara wọn."

"Kí ni kí n ṣe? Dọ́là ló lé wọn lọ, kì í ṣe èmi."

Mojeed padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fa páálí ya, ó sì ṣírò. Fún ara bàálù, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di fíríìjì tuntun, ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń ta fíríìjì ń wá ẹni tó máa bá wọn kó o dànù. Gọ́ọ̀mù àti páálí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Bátìrì, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù, ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Rìmóòtù tòkunbọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé e fún ohun tí ojú kò rí. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta géérégé. Ó wá kọ òfin sábẹ́ rẹ̀: bàálù tó bá ju ọ̀kẹ́ mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ bá wa sáré. Ó fi orúkọ àdúgbò rẹ̀ pè é ní Kíláàsì Ìkòsì, ti gbogbo àgbáyé.

Jayé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo àgbáyé! Láti Ketu dé Mende!"

Síbẹ̀, ó gbé ìwé náà sórí WhatsApp. Catherine, obìnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè, ní òun ń bọ̀. Godwin náà kọ̀wé láti Accra. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ti pé. Ìgbà yẹn ni Mojeed lọ bá Alhaja Ajarat, ará Ìsẹ́yìn bíi tiẹ̀, tó ń ta ata ní agbọ̀n-agbọ̀n ní Mile 12. Ó yá ọ̀kẹ́ méje. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ó fi ra ohun èlò bàálù méjì tí ẹni tí kò bá ní lè yá lò. Ọ̀kẹ́ kan tó kù, ó fi tẹ́ pápá, ó sì ra ọparun méjì tí àwọn bàálù yóò máa yí po.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí wọn kò rí yanjú, Jayé ló sì mú un wá.

"Mojeed, ta ló máa mọ iye tí èèyàn ná? Mo lè ki ẹ́ńjìnnì ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sínú fóòmù rẹ, kí n sì mú rìsíìtì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń lọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Alhaja Ajarat wọlé wá béèrè owó rẹ̀. Ó jókòó, ó gbọ́ díẹ̀, ó pòṣé.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ ò jẹ́ wá kọ́gbọ́n lọ́jà? Ní tiwa, bí o bá ní agbọ̀n ata rẹ kò ju iye báyìí lọ, tí mo ní mo gbà, o ti tà á nìyẹn. O ò lè ní o ò tà mọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni bàálù òun, kẹ́nì kan san ọ̀kẹ́ mẹ́ta, kó gbé e lọ. Ta ló máa ki ẹ́ńjìnnì ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sínú ohun tí wọ́n lè rà lọ́wọ́ ẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta?"

Jayé dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Dìde jàre," ni Alhaja wí. "Mojeed, owó mi dà?"

Bí òfin kejì ṣe dé nìyẹn: bí eré bá ti parí, ẹnikẹ́ni tó bá sáré lè san ọ̀kẹ́ mẹ́ta, kó sì gbé bàálù tó borí lọ sílé rẹ̀. Mojeed fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Ohun tí kò rò ni pé òun náà máa sáré. Ó wò ó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún ni ẹ́ńjìnnì nìkan ní ọjà. Kí ló dé tí òun ò ní wé tòun? Ó ra egungun ẹ́ńjìnnì tó ti jó, ó kó àjákù wáyà bàbà jọ, gbogbo rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wé e. Ó tú u, ó tún un wé, ó tún un tú, títí tí kò fi sí àyè tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá láàrin okùn méjì. Bàálù náà fò, Bàrákátù fúnra rẹ̀ pariwo.

Sunday kejì nínú oṣù January ni eré. Ilẹ̀ ti gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́. Èèyàn mọ́kànlá ló sáré, méjì nínú wọn lo bàálù àyálò. Alhaja Ajarat náà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń ṣọ́ owó rẹ̀. Godwin lé Mojeed títí dé ìyípo kẹjọ, àfi gbì, bàálù rẹ̀ forí sọ ọparun.

"Ẹ fún ọparun yẹn ní ipò kejì!" ni Jayé ń pariwo.

Mojeed parí ìyípo mẹ́wàá ṣáájú gbogbo wọn, pẹ̀lú odidi ìyípo kan láàrin òun àti Catherine tó ṣe ipò kejì. Wọ́n gbé e sókè. Wọn kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí Catherine fi ṣí pọ́ọ̀sì, tó sì ń ka owó sórí tábìlì.

"Ọ̀gá Mojeed, ẹ kú oríire. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta yín rèé. Mo gbà."

Ọkàn Mojeed já wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ó di bàálù mú bí ẹni di ọmọ mú.

"Ìyá mi," ló wí, "ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ọwọ́ ni mo fi wé eléyìí. Ẹ jẹ́ n wé òmíràn fún yín, n ó fi ránṣẹ́."

"Ǹjẹ́ òfin sọ òmíràn?"

Jayé, tó ti ta bàálù ńlá rẹ̀ nítorí kíláàsì yìí, kò rẹ́rìn-ín rárá. Godwin ti ń kó àfọ́kù rẹ̀ sínú báàgì, ó dúró, ó ń wo ẹnu Mojeed. Ẹnu ẹyẹ ló pa ẹyẹ. Bí ẹni tó ṣòfin bá kọ́kọ́ rú u, ta ló tún máa wọ ọkọ̀ láti Accra wá sí Agílítì?

"Alhaja," ni Mojeed wí, "ẹ gbà mí."

"Ṣé èmi ni mo kọ ọ́? Ọjọ́ mélòó lo fi wé nǹkan yẹn ná?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Èló lo ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí nínú ìṣirò rẹ?"

Mojeed ronú. Ó ti ka gọ́ọ̀mù, ó ti ka páálí. "N ò kà á."

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín kì í jọ yín lójú, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Obìnrin yìí kà á. Òun nìkan ló kà á níbí yìí."

Catherine bú sẹ́rìn-ín. Mojeed náà rẹ́rìn-ín, kò sí ohun tó tún kù. Ó nu eruku ojú apá bàálù nù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àtẹ́wọ́ dún títí ó fi dé etí odò. Godwin ní kí wọ́n gbé eré tó ń bọ̀ wá sí Accra ní àkókò Àjíǹde, òun ló máa tẹ́ pápá.

"Bó o bá ní o ò tà," ló wí fún Mojeed, "inú WhatsApp yẹn ni ǹ bá ti kọ́kọ́ jáde."

Kí Mojeed tó na ọwọ́ sí owó orí tábìlì, Alhaja Ajarat ti kó o. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sábẹ́ ìró.

"Ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́rin."

"Alhaja, ìmọ̀ràn tí ẹ gbà wá lọ́jọ́sí ló jẹ́ kí n pàdánù bàálù. Ẹ ò ní yọ díẹ̀ kúrò?"

"Ìmọ̀ràn yẹn gan-an, o ò tíì sanwó ẹ̀. Ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́rin."

"Ṣé kí n wé ẹ́ńjìnnì bàálù kan fún yín dípò ẹ̀?"

"Kí n máa fi gbé ata?"