Alfa Tí Kì Í Wo Fíìmù

Alfa tó kọ́ mi ní kéwú ládùúgbò wa ní Sabon Zongo kì í wo fíìmù. Wọ́n kàn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi ti ń ta fíìmù lẹ́yìn ìrun alásárì ni, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, wọ́n á kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n.

"Alfa, ẹ wọlé kẹ́ ẹ jókòó."

"Rárá o, Ìyá Ràfíù. Atẹ́gùn ni mo ń gbà."

Síbẹ̀, kò sí fíìmù tí wọn ò ní rí sọ sí. "Ọkùnrin yẹn fẹ́yàwó mẹ́ta sínú yàrá kan. Kí ló tún ń sunkún fún?"

Lọ́jọ́ kan, òṣèré kan wé láwàní, ó ń ka Fátíhà nínú fíìmù, ló bá fo ẹsẹ kan. Alfa yí padà bìrí. "Kai! Padà! Tún un kà!"

Ẹ̀rín ń pa màmá mi, wọ́n dá fíìmù náà padà sẹ́yìn. Òṣèré tún fo ẹsẹ yẹn. Alfa wọlé, wọ́n jókòó.

"Ẹ fún un láǹfààní lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń fún àwa náà kí pàṣán tó dé.

Ó tún fò ó. Alfa wá na tẹ̀súbáà sí mi.

"Ràfíù tí mò ń bú yìí gan-an sàn jù ú lọ."

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kéwú lọ́dọ̀ wọn, ìyìn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn. Kí Ọlọ́run bá mi ṣàánú òṣèré yẹn.