Ìyá Ṣàngóbùnmi Tó Ná Aago Jẹ́lé-ó-sinmi

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Ìyá Ṣàngóbùnmi ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ aago tó ná ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ọdún kejì tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Dorcas, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti fi Àkànjí ọmọ ọdún márùn-ún sí jẹ́lé-ó-sinmi olódindi ọjọ́, èyí tó ń jáde ní aago mẹ́ta. Ti ààbọ̀ ọjọ́ wà, aago méjìlá ni wọ́n ń jáde níbẹ̀. Ìyá gbọ́, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ jà, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ Tísà Elijah, ọ̀gá ilé ìwé.

"Tísà, aago mélòó ni jálẹ̀?"

"Aago mẹ́ta ni, Ìyá."

"Fún ọmọ tín-ín-tín yìí? Jẹ́ n gbà á ní mẹ́wàá."

"Ìyá, a kì í ná ilé ìwé."

"Ó dáa, mo lé e. Mọ́kànlá."

"Mẹ́ta ni, Ìyá."

Ìyá bá kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ, bí àwọn tó ń ná ọjà ní Akẹ̀sán ṣe máa ń ṣe, kí ọlọ́jà lè pè wọ́n pé kí wọ́n padà wá gbà á. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó tún gèlè wé. Tísà ò pè é. Ó dé ẹnu géètì, ó fetí sílẹ̀. Tísà kọjú sí agogo rẹ̀, ó ń lù ú. Inú bí Ìyá débi pé ó bú u láti ibẹ̀ dé ilé, ó ní ẹni tí kò mọ ọjà tà ni wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ fún.

Dorcas kọ́ ló sì jẹ̀bi. Àjàyí ọkọ rẹ̀ wà ní Kánò lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, Dorcas fúnra rẹ̀ ń wọ lọ́rì lọ ta èlùbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, lọ́jọ́ kan tí Ìyá ń ṣọ́ ọ, oorun gbé Ìyá lọ. Àkànjí dá rìn dé ọjà, abẹ́ àtẹ elépo ni wọ́n ti rí i, epo ń kán sí i lórí. Dorcas bínú, kò lè jẹun. Ìyá náà bínú, ó ní ọmọ ò kúkú sọnù, ọjà ló lọ.

Nígbà tí aago ò ṣeé ná, Ìyá gbé ẹní lọ sí ilé ìwé. Lọ́sàn-án, bí Rose tó ń kọ́ àwọn ọmọ bá ti ní kí wọ́n sùn, Ìyá á tẹ́ ẹní ti Àkànjí, á sùn, á sì máa hanrun. Ogójì ọmọ á dìde jókòó, wọ́n á máa wò ó. Rose fi ìbínú ránṣẹ́ pe Dorcas: "Ìyá yín nìkan ló kù tí a ò tíì kọ sí rẹ́jísítà!"

Dorcas gbaná jẹ. Kò tilẹ̀ kúnlẹ̀ nígbà tó wọlé. "Ìyá, ẹ dójú tì mí! Ṣé ẹ ò lè ní sùúrù di aago mẹ́ta ni?"

"Sùúrù?" Ìyá na ìka sí i. "Bó bá fi máa di aago mẹ́ta, ó ti rẹ̀ mí, n kì í gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ mọ́. Tísà ló ni òwúrọ̀, ìwọ lo ni alẹ́. Ọjọ́ pọ̀ níwájú ọmọ yẹn, tèmi ò pọ̀ mọ́. Ìyàwó, èwo wá ni tèmi?"

 Inú ṣì ń bí Dorcas nígbà tó lọ yí Àkànjí padà sí ààbọ̀ ọjọ́, tó sì bẹ Mọ̀ríámọ̀ aládùúgbò pé kó máa yọjú wò wọ́n.

Ọdún kan ó lé ni Ìyá àti Àkànjí fi jọ lo ọ̀sán wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ọmọ ló ń rò fún un, Ìyá á sì máa bá ẹ̀kọ́ jà. Ó bá lẹ́tà B jà lọ́jọ́ kan, ó ní ikùn rẹ̀ pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, Ìyá dákẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù. Nígbà tó di méjìlá, Àkànjí wọlé, ó gbé síléètì kalẹ̀, ó jókòó ti ẹní tí wọ́n tẹ́ Ìyá sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ẹkún sọ nínú ilé. Dorcas dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó jágbe mọ́ àwọn àgbà, ohun tí kò ṣe rí:

"Ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀!"

Wọ́n dákẹ́. Àkànjí rọra sọ gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà fún Ìyá, kò fo ọ̀kankan.