Mo Fi Ohùn Òkú Pe Ìyá Ìbejì

Awurade, Olúwa mi o!

Ẹ mọ̀ pé kò sí ohùn tí n kò lè sín jẹ. Lọ́sàn-án yìí, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná wa ní àdúgbò Fante New Town. Mo wúkọ́ bíi Bàbá Ìbejì aránṣọ, tí a sin lóṣù tó kọjá, mo wá pe ìyàwó rẹ̀:

"Ìyá Ìbejì! Oúnjẹ mi dà?"

Àbúrò Ìyá Ìbejì tó ń lọ aṣọ ju áyọ́ọ̀nù eléèédú sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí.

Ìyá Ìbejì kò sá o. Gèlè ló ń wá! Ó wé e tán, ó jáde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń wo òkè.

"Baálé mi, ṣé ilẹ̀ ti mọ́ ni?"

Lọ́sàn-án gangan! Ó bá rí mi.

"Àṣé ìwọ alápàárá yìí ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nìyẹn."

Mo bi í pé: "Ẹ̀rù ò bà yín ni, Ìyá?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Nígbà tí gbogbo yín ń kígbe 'ó di gbére' létí sàréè, 'ó dàárọ̀' ni èmi kí i. Jésù jí, ọkọ mi náà á jí láàárọ̀ àjíǹde. Ṣé kó jí kó bá mi lórí òfìfo ni?"

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Wú ikọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, jàre."

Mo gbìyànjú. Ikọ́ kò jáde.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta lẹ rí rí tó gbọ́ ohùn òkú, tó ń wá gèlè? Ẹ dá mi lóhùn o!